Iná Tí Mo Pa ní Ilé Bàbá Àjàní

Dichemso, Kumasi
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán

Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo ti gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Inú kíláàsì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo sì tún jáde lọ gbọ́ ọ lábẹ́ igi máńgòrò kan, torí mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ tó jókòó tì mí rí ojú mi. O ní ìyá ọkọ rẹ ti gba ilé mọ́ ọ lọ́wọ́. O ní láti ìgbà ìgbéyàwó tó ti wá, kò tíì sọ ọjọ́ tó máa lọ. O ní Fẹ́mi sọ pé ohun tí ìwọ bá fẹ́ ni òun máa fara mọ́. Tí èmi náà bá ti lè fọwọ́ sí i, lọ́jọ́ Àìkú yìí, tí ẹ bá ti ìsìn dé, wàá sọ fún un pé kó máa padà sí ilé rẹ̀ ní Ìkìrun. Ọ̀rọ̀ tí o fi parí rẹ̀ ni pé, "Mọ́mì, ẹ ṣáà sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Mi ò lè sọ ọ́ báyẹn. O sì mọ̀ mí, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù, ọ̀rọ̀ máa ń sá mọ́ mi lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Tí mo bá kọ ọ́ tán, màá ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, màá sì fi ránṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Iṣẹ́ kan wà tí mo máa ń ṣe ní ilé tí mo wà yìí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì kí oòrùn tó wọ̀, mi ò sì gbọ́dọ̀ pẹ́. Wàá mọ irú iṣẹ́ tó jẹ́ kí n tó parí.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mi ò tíì sọ fún ọ nípa ibí, kí o má baà máa ronú nípa mi. Nígbà tí mo dé láti wá kàwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, họ́sítẹ́ẹ̀lì kan ní Ayigya, lẹ́bàá yunifásítì, ni mo kọ́kọ́ gbà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì, gbogbo àwọn ọmọ náà dìde. Wọ́n rò pé èmi ni olùkọ́. Mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń kí. Nígbà tí mo lọ jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn, ẹ̀rín sọ, ọmọkùnrin kan sì bi mí pé, "Maame, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ wá wo ọmọ yín ni?" Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó tún la ẹnu mi nínú kíláàsì yẹn. Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, mo wá di ẹni tó ń fi orí pamọ́ sẹ́yìn fìlà ọmọ ọlọ́mọ. Ní ilé oúnjẹ, mo máa ń kọjú sí ògiri, kí n má baà máa wo àga tó ṣófo níwájú mi. Ariwo họ́sítẹ́ẹ̀lì náà pọ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń pe orúkọ mi.

Síìpù báàgì mi tó bàjẹ́ ló gbé mi dé Dichemso. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí mo gbé e lọ gbọ́ bí mo ṣe ń bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ará ilé, ṣé ẹ ti jẹun?" Bàbá Àjàní nìyẹn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, àdúgbò Moshie Zongo níbí ni wọ́n bí i sí, kò sì tíì fojú kan ilé rí. Ará Àṣáńtì ni ìyàwó rẹ̀, Maa Abena. Yorùbá tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ ló ń sọ, Twi sì máa ń yọjú láàárín rẹ̀. Yàrá kan ṣófo nínú ilé wọn, mo sì gbà á.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà tí mo ń gba yàrá ni pé òfin Tórà ni wọ́n ń tẹ̀ lé nínú ilé náà. Kì í ṣe ìjọ ńlá kan. Ó ti pẹ́ tí Bàbá Àjàní àti àwọn ìdílé díẹ̀ ti pinnu láti máa ṣe bí àwọn Júù ti ń ṣe. Wọ́n ń pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ń ṣe àwọn àjọ̀dún inú ìwé Mósè, wọ́n sì pín ìwé Mósè márààrún sí ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, débi pé wọ́n ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ́dọọdún. Má bẹ̀rù, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mo ṣì ń lọ ní ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń jókòó sí igun pálọ̀ wọn, mo sì máa ń gbọ́. O mọ̀ pé ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Ọjọ́ Ẹtì kejì mi nínú ilé náà, ilẹ̀ ti ń ṣú, mo lọ bu omi nínú ilé ìdáná. Mo bá gáàsì tó ń jó fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lábẹ́ páànù pẹlẹbẹ kan, ìkòkò ńlá wà lórí páànù náà, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo ń gbọ́ orin wọn láti pálọ̀. Èmi olùkọ́ ìtọ́jú ilé! Ẹ̀kọ́ tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ọdún ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi iná sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Mo pa gáàsì náà. Mo tún pa gílóòbù pẹ̀lú. Inú mi dùn bí mo ti ń jáde, torí láti ìgbà tí mo ti dé Kumasi, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rò pé mo wúlò fún ẹnì kan.

Mo pàdé Maa Abena lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Mo ti bá yín pa iná, Mà. Ẹ gbàgbé ẹ̀."

Ó wo ilé ìdáná tó ṣókùnkùn. Ó wo mí. Ó ní, "Yoo, ó dáa. Ẹ ṣé." Ó sì ń fọwọ́ tọ́ ògiri wọlé lọ. Mo ní lọ́kàn mi pé àwọn wọ̀nyí mà mọ owó iná ṣọ́ o.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ka Tórà, àlejò sì kún ilé. Ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbé jáde. Ó tutù bí omi àmù, epo ti dì sójú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà àlejò fi ṣíbí gún un, ó ní, "Àjàní, oúnjẹ rẹ ti kú o."

Bàbá Àjàní ní, "Ta ló kú? Ó ń sinmi ni. Àbí ìwọ nìkan lo fẹ́ máa sinmi lónìí?"

Obìnrin kan bi Maa Abena pé ṣé gáàsì tán ni. Maa Abena ní, "Ẹ jẹun jàre. Ẹni tó bá fẹ́ oúnjẹ gbígbóná, kó gbé abọ́ ẹ̀ sí oòrùn." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà jẹ tèmi tán. Mo rò pé àṣà wọn nìyẹn, mo sì sọ pé ó dùn, kí n má baà dà bí ẹni tó ń yan oúnjẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìràwọ̀ yọ, wọ́n tan àbẹ́là kan tí wọ́n lọ́ pọ̀ bí irun dídì. Wọ́n gbé ife wáìnì, wọ́n sì gbé kànáfùrù kiri kí oníkálukú gbóòórùn rẹ̀, kí òórùn dídùn Ọjọ́ Ìsinmi lè bá wọn wọ ọ̀sẹ̀ tuntun. Ìgbà tí àwọn àlejò lọ tán ni Bàbá Àjàní tó fa àga súnmọ́ mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀ débi pé mo mọ̀ pé mo ti ṣe nǹkan.

Ó ní, "Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹ má bínú o. Láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, a kì í tan iná, a kì í sì í pa á, títí ìràwọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta fi máa yọ. Ìdí tí a fi ń fi í sílẹ̀ kó máa jó fẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn. Tó bá ti kú, ó kú nìyẹn. A ò lè tan án, a ò sì lè ní kí ẹ bá wa tan án."

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ mi sí. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi láàárọ̀?"

"Tí mo bá sọ ọ́ láàárọ̀, ẹ ó sáré lọ tan án. Ojú ó tì yín níwájú àlejò. Oúnjẹ tútù, a ti jẹ ẹ́, ó ti tán. Ìtìjú yẹn lẹ̀ bá gbé lọ sílé."

Maa Abena gbé tíì gbígbóná lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ɛnyɛ hwee, kì í ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ẹ wá bá mi ní ilé ìdáná." Ohun tó ṣe lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, màá fi sí ìparí ìwé yìí.

Ní báyìí, jẹ́ kí n fi ohun tí mo ti rí kọ́ nínú ilé yìí dá ọ lóhùn, bó bá ṣe ń wá sí mi lọ́kàn.

Èkíní. O sọ fún mi nípa ìkòkò dúdú tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ rà fún ọ, èyí tí ọbẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́. Ìyá ọkọ rẹ fi kàìnkàìn onírin bó o títí ó fi funfun, ó wá gbé e hàn ọ́, ó ní, "Wò ó, ìyàwó mi, mo ti bá ọ fọ dúdú rẹ̀ kúrò." Nígbà tí o ń sọ ọ́, ẹkún wà ní ọ̀fun rẹ. Àbẹ̀kẹ́, jọ̀wọ́ dárí jì mí, ẹ̀rín pa mí lábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ni àyà mi já, torí mo mọ irú ayọ̀ tó wà lójú ìyá yẹn nígbà tó gbé ìkòkò náà wá. Irú rẹ̀ gan-an ló wà lójú tèmi nígbà tí mo pa gáàsì. Kò bà á jẹ́ kó lè gba ilé rẹ. Ó ń wá ohun tó máa ṣe kó lè ní ìdí láti wà níbẹ̀. Mi ò sọ pé kí ìkòkò má dùn ọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kí o tó dájọ́ lé e.

Èkejì, ọ̀rọ̀ àkókò. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn tí o yàn yẹn kò dára rárá. Àwọn ará ìjọ á máa yà wọlé kí yín, Fẹ́mi á jókòó, á sì máa wo ilẹ̀. Tí ìyá yẹn bá sunkún, ojú àlejò ló ti máa sun ún. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni Bàbá Àjàní ní lẹ́nu láti àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ó sì fi oúnjẹ tútù gbé e mì títí ẹni tó kẹ́yìn fi jáde. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé kò gbé e mì títí lọ. Ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, kò jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ kejì. Ìwọ ń fi "Ẹ ṣé, Mà" dá ìyá ọkọ rẹ lóhùn láti ọjọ́ ìgbéyàwó, o wá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló máa mọ̀ pé inú ń bí ọ nígbà tí o kò sọ?

Ohun kan tún nìyí. Nígbà tí mo dé ilé yìí, ìwé Ẹ́kísódù ni wọ́n ń kà, wọ́n sì dé ibi tí wọ́n ti ń wọn pákó àti aṣọ títa àgọ́ àjọ. Ìwọ̀ báyìí, òrùka báyìí, ìgbọ̀nwọ́ báyìí. Oorun gbé mi. Mo wá bi Bàbá Àjàní pé ṣé wọn ò lè fo ibẹ̀ ni, kí wọ́n lọ síbi tí ìtàn wà. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ yìí kò dùn, a ó kà á. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò dùn, a ó kà á. Ibi tí kò dùn yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ ilé." Mo rántí ara mi. Ní ọdún kejì ìgbéyàwó wa, mo kó báàgì mi lọ bá ìyá mi, torí pé láti bíi oṣù kan, bàbá rẹ kò rí nǹkan sọ fún mi ju "ọbẹ̀ dùn" lọ. Mo rò pé ìgbéyàwó wa ti kú. Kò kú. A wà ní ibi pákó àti ìwọ̀ ni. Ìwọ náà, tí o ní ìwọ àti Fẹ́mi kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀rọ̀ bára yín sọ mọ́, ti dé ibẹ̀, o sì rò pé nítorí ìyá ọkọ rẹ ni. Tó bá lọ sí Ìkìrun lọ́la, ìwọ àti Fẹ́mi ṣì máa jókòó ti ara yín ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ò sì ní rí ọ̀rọ̀ sọ nígbà mìíràn. Má dá ìyá lẹ́bi fún ìyẹn.

Ó ku èyí tó ṣòro fún mi láti kọ. Kí Àjọ Ìrékọjá tó dé, wọ́n máa ń kó gbogbo búrẹ́dì àti ohun tó ní ìwúkàrà kúrò nínú ilé. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á máa wá èérún kiri abẹ́ àga àti inú dúrọ́ọ̀. Mo ní kí n bá Maa Abena wá tiẹ̀. Ó ní, "Rárá o, Mọ́mì Nàìjíríà. Èérún tèmi, èmi ni mo mọ ibi tí mo jẹ ẹ́ sí." Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Mo wọ yàrá mi, mo jókòó, mo sì ń wo àwọn ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ láti ìgbà tí o ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwọ̀ aṣọ. Gbọ̀ngàn. Orúkọ àwọn tí o gbọ́dọ̀ pè. Bí irun rẹ ṣe gbọ́dọ̀ rí. Lójoojúmọ́. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ kọ, "Ẹ ṣé, Mọ́mì." Ìgbà yẹn ni mo tún gbọ́ "Ẹ ṣé" tí Maa Abena sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Iye iná tí mo pa fún ọ, tí o sì fọwọ́ tọ́ ògiri kọjá, mi ò mọ̀. O lè sọ fún mi. Mo fẹ́ gbọ́ ọ. Tí o bá lè kọ́ bí a ti ń sọ ọ́ fún mi, wàá lè sọ ọ́ fún ìyá ọkọ rẹ.

O ti ń retí kí n mú Rúùtù àti Náómì jáde, àbí? Mo mọ̀. Kò sí olùṣọ́ àgùntàn tó so yìgì tí kì í fi wọ́n wàásù, wọ́n sì fi wọ́n wàásù níbi tìrẹ náà. Mi ò ní sọ èyí tí wọ́n máa ń sọ. Ní Àjọ Ọ̀sẹ̀, wọ́n ka ìwé Rúùtù níbí, Maa Abena sì din wàrà tó rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní Zongo, torí oúnjẹ wàrà ni wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ náà. Mo ń jẹ tèmi nígbà tí ohun kan tí mi ò rí rí nínú ìtàn yẹn dá mi dúró. Náómì padà sí ìlú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti kú. Àwọn obìnrin ìlú jáde wá kí i. Ó ní kí wọ́n má pe òun ní Náómì mọ́, òun jáde ní kíkún, òun sì padà ní òfo. Mọ́rẹ́nikẹ́, ibo ni Rúùtù wà nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀? Ó dúró tì í ni! Ó ti fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, ó ti bá a rìn láti Móábù, ìyá wá ń sọ lójú gbogbo ayé pé òun kò ní nǹkan kan. Rúùtù kò sì sọ pé, "Èmi ńkọ́?"

O sọ fún mi pé ìyá ọkọ rẹ sọ fún àwọn àlejò nídìí tábìlì rẹ pé, "Mi ò ní ẹnì kankan mọ́." Ó jọ pé ọ̀rọ̀ yìí dùn ọ́ ju ti ìkòkò lọ. O ní, "Mọ́mì, oúnjẹ mi ló ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ́." Ọmọ mi, èébú kọ́ nìyẹn. Ọdún tó kọjá ló sin ọkọ rẹ̀. Ilé tí o fẹ́ kó padà sí ní Ìkìrun, bẹ́ẹ̀dì ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí o bá ń jẹun níwájú ògiri, ọ̀pọ̀ ènìyàn lè wà lẹ́yìn rẹ, síbẹ̀ ẹnu rẹ á sọ pé o kò ní ẹnì kankan. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Mo ní ọkọ, mo ní ọ, mo sì sọ ọ́ ní Ayigya.

Mi ò sọ pé kó máa gbé ọ̀dọ̀ yín títí ayé. Ilé rẹ ni. Mi ò ní bá ọ pinnu rẹ̀, mo ti pinnu nǹkan tó pọ̀ tó fún ọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò sí níbi ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn. Fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí Fẹ́mi bá ti lọ síbi iṣẹ́, kí iṣẹ́ tìrẹ náà tó yá, ìwọ àti ìyá nìkan, ẹ po ẹ̀kọ, kí ẹ jókòó mu ún. Sọ ti ìkòkò fún un. Sọ pé tí o bá ti fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, kó má tún fi iyọ̀ sí i. Sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà bi í léèrè ohun tóun náà fẹ́. Ó lè jẹ́ pé Ìkìrun ni ọkàn rẹ̀ wà, tí kò sì mọ bó ṣe máa dá wọ ilé yẹn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, má ṣe sin ín dé gáréèjì kí o padà. Ẹ jọ lọ. Gbá ilé náà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ jọ dáná níbẹ̀, kí èéfín jáde nínú ilé ìdáná rẹ̀ kí o tó kúrò.

Àjọ Àgọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbí. Wọ́n fi igi àti imọ̀ ọ̀pẹ pa àgọ́ kékeré kan sí àárín àgbàlá, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín imọ̀ náà kí wọ́n lè máa rí ìràwọ̀. Òjò Kumasi kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó rọ̀ lé wa lórí lẹ́nu oúnjẹ, oníkálukú gbé abọ́ rẹ̀, a sáré wọlé, Bàbá Àjàní ń pariwo pé, "Ẹ gbé ẹja! Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ gbé ẹja!" Mo fi aṣọ nu orí mi, mo sọ fún un pé mo máa ń ro ara mi bí àlejò nínú ilé rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò rí wa bí? Gbogbo wa lòjò lé wọlé." Lẹ́yìn àgọ́ náà, wọ́n ka ìparí ìwé Mósè, ibi tó ti kú láìdé ilẹ̀ tó ń lọ. Mo rò pé wọ́n máa pa ìwé dé. Wọn kò dìde lórí ìjókòó tí wọ́n fi ṣí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí òkùnkùn wà, tí Ọlọ́run sì ní kí ìmọ́lẹ̀ kó wà. Ìwọ náà lè bẹ̀rẹ̀ padà pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa ní o ti pẹ́ jù.

Ó ku ohun tí mo fi pamọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé èyí tí mo pa iná, mo lọ bá Maa Abena nílé ìdáná bó ṣe ní kí n wá. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìkìlọ̀. Mo rò pé ó máa fi gáàsì hàn mí, á ní, "Ẹ má fọwọ́ kan èyí mọ́ o." Ohun tí èmi ì bá ṣe nìyẹn, mo mọ ara mi. Ó na páálí ìṣáná sí mi. Ó ní, "Láti òní lọ, iṣẹ́ yín ni. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ̀yin lẹ ó tan án, ẹ̀yin lẹ ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó fi páànù bò ó."

Mo ní, "Èmi? Èmi tí mo pa á?"

Ó ní, "Ẹ̀yin paa, ẹ̀yin gan-an. Ta ló tún máa rántí jù yín lọ?"

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ilé yìí kò tutù rí. Láti ọjọ́ náà sì ni mo ti dẹ́kun kíkọjú sí ògiri.

Wá ohun kan nínú ilé rẹ, Àbẹ̀kẹ́, ohun tó ṣe pàtàkì sí ọ, kì í ṣe ohun tí o kò nílò, kí o fi lé ìyá yẹn lọ́wọ́. Bóyá ìkòkò dúdú míì ni. Kọ́ ọ bí a ti ń fọ̀ ọ́, kí o sì sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti òní lọ. Kí o wá wo bó ṣe máa gbé e.

Oòrùn ti bọ́ sẹ́yìn ilé àwọn aládùúgbò wa. Maa Abena ti ń mi páálí ìṣáná lójú fèrèsé, kó lè dá mi lágara. Mo ń bọ̀, Mà, mo ń bọ̀. Mo ní iná láti tàn.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.